Ìwé Iṣẹ́ Dọ́nmọ́ọ̀

Inú agolo bisikíìtì la ti bá a, lábẹ́ ibùsùn Bàbá,
nílé wa ní Ìtòkò, lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú:
ìwé pélébé, ó ti pọ́n bí ewé obì gbígbẹ.
Ojú ewé mẹ́rin sọ ti ọkọ̀. Ìlà kan péré sọ ti Bàbá.

Dọ́nmọ́ọ̀, ọkọ̀ ogun ọba,
wọ́n tì í sómi lọ́dún tí òjò pọ̀.
(Wọn kò kọ òjò. Èmi ni mo fi òjò sí i.)
Wọ́n kọ ìwọ̀n irin rẹ̀, wọ́n ka ìbọn ńláńlá orí rẹ̀: mẹ́jọ.
Ó sin ọkọ̀ àlìkámà kọjá agbami,
ó yìnbọn sí etíkun kan lódindi òru,
bọ́ǹbù ẹyọ kan bà á ní ìdí,
ó wọ ilé àtúnṣe, ó lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀ bí aboyún.
Ó tún jáde.

Ṣóbọ̀wálé, J. Ìdí iná. Ìwà rẹ̀ dára.
Ìlà náà nìyẹn.

Bàbá ní òun kò rí ogun rí.
Ìsàlẹ̀ ikùn irin ló wà, níbi tí epo dúdú ti ń jó.
Tí ìbọn òkè bá dún, ó ní
eyín òun ló kọ́kọ́ ń gbọ́, kí etí tó gbọ́.
"Ta ni ẹ yìn ín lù, Bàbá?"
"Ẹni tí kò mọ Ìtòkò."
Á sì gbé òkèlè láfún mì.

Ó mú mi gun Olúmọ nígbà kan,
ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.
Ó na ọ̀pá sí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀:
"Wò ó. Báyìí lorí ọkọ̀ ṣe ga sí omi.
Omi náà a máa pọ́n báyìí bí oòrùn bá ń wọ̀.
Àmọ́ àpáta yìí kò lọ síbì kan,
àwọn baba wa ló sá wá bá a.
Ti òyìnbó ni àpáta tó ń wá èèyàn kiri."
Ó rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Sàró ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀ àgbà.
Ọkọ̀ ọba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá-ńlá Dọ́nmọ́ọ̀,
ló já a gbà lójú òkun lọ́wọ́ àwọn tó rà á,
tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Fìrítáùn pẹ̀lú aṣọ kan lọ́rùn.
Gbèsè ni, Bàbá wí, ìdí tí òun fi lọ nìyẹn.
Lọ́jọ́ mìíràn á ní irọ́ ni,
owó ni òun ń wá, kí òun lè fẹ́ Láṣímbọ̀.
Mi ò tíì mọ èyí tí mo fẹ́ gbà gbọ́.

Ojú ewé tó kẹ́yìn: ogun parí.
Wọ́n so Dọ́nmọ́ọ̀ mọ́ èbúté, wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé níṣẹ́,
lẹ́yìn náà wọ́n tà á fún àwọn tó ń gé irin.
Ọdún méjì ni wọ́n fi gé e.
Wọn kò kọ ohun tí wọ́n fi irin náà ṣe.
Láfẹ́ńwá ni Bàbá ti gbọ́, lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè,
láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń gba orí afárá odò Ògùn,
á dìde lórí ìjókòó.
"Ṣé ẹ rò pé òun ni?"
"N kò ro nǹkan kan. Mo kàn ń kí i ni."

Ìṣó ńlá kan wà nísàlẹ̀ agolo, olórí bí olú.
Lánàá, Sálísù tó ń ra irin àlòkù ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá,
mo gbé ìṣó náà lé ìwọ̀n rẹ̀, kí n ṣáà lè mọ̀.
Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n kò mira.
"Kò tó nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi nǹkan kún un."
Kí ni n bá fi kún un?
Mo mú un padà. Ó gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ mi.
Oòrùn ni.